Yọ àti Yọ́: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìyọjáde Mẹ́tàlì Olówó Iyebíye láti inú Ẹ̀rọ Àlòpatì

1. Ìfáárà

Ìwé pélébé kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan bẹ̀ wá pé kí a bá wọn túmọ̀ ìwé ìkìlọ̀ kan sí èdè Yorùbá. Àwọn tí a ṣe ìwé náà fún ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń tú rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà tí ó ti bàjẹ́, tí wọ́n sì ń yọ bàbà àti wúrà inú wọn tà. Gbólóhùn kan nínú ìtumọ̀ wa kà báyìí: Ẹ má ṣe yọ́ òjé nínú ilé. Ìtumọ̀ náà kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà ti ilé ìtẹ̀wé dé, kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni: E ma se yo oje ninu ile.

A mú ìwé náà dé ibi iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ náà, a sì ní kí wọ́n kà á sókè. Ọ̀kan nínú wọn kà á tán, ó dá a padà fún wa, ó ní: ‘Ọ̀gá, èyí kò kàn wá. Àwa kì í yọ òjé. Wúrà àti kọ́pà là ń yọ. Òjé, ńṣe la máa ń yọ́ ọ kúrò lọ́nà.’

Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àwàdà, kò sì ṣi ìwé kà. Ohun tí ó wà lójú ìwé ni ó kà. Iṣẹ́ tí a ní kí ó má ṣe gan-an ni ó ń ṣe lójoojúmọ́, síbẹ̀ ìkìlọ̀ wa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. A lè di ẹ̀bi náà ru atẹ̀wé, ṣùgbọ́n apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ tiwa. Àwa ni a yan ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ so rọ̀ mọ́ àmì kan péré, bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ irú ọwọ́ tí àwọn atẹ̀wé fi ń mú àmì ohùn.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àlàyé bí a ti ń yọ mẹ́tàlì olówó iyebíye jáde láti inú ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́, a ó sì máa wo ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ìpele kọ̀ọ̀kan bí a ti ń lọ. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀-ìperí tí a bá fẹ́ lò níbi tí ewu wà gbọ́dọ̀ yé òǹkàwé bí a bá tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì. Èyí kò sọ pé kí a má fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ọ̀rọ̀ náà lè dúró ní ọjọ́ tí àmì bá já a kulẹ̀.

2. Àlòkù, Tòkunbọ̀, Pàǹtí àti Àlòpatì

Ohun tí ó kọ́kọ́ gba àfiyèsí ni orúkọ ẹrù náà fúnra rẹ̀. Ní ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, àti ní àdúgbò àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù ni tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni èyí kí ó tó di orúkọ ọjà. Ibi tí ẹrù ti wá ni ó ń sọ. Kò sọ bóyá ẹrù náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Lábẹ́ àṣíborí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀rọ tí ó ti kú fi lè bá èyí tí ó wà láàyè rìn nínú àpótí kan náà, tí a ó sì ta méjèèjì bí àlòkù.

Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1988 ni a rí àwọn àgbá pàǹtí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá dà sí Kókó, ìlú etí omi kan ní ìpínlẹ̀ Bẹndẹl ìgbà náà, tí ó ti di ara ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà báyìí. Ní ọdún náà gan-an ni ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin tí ó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn ńlá. Ní 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Basel lórí kíkó pàǹtí olóró láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ní 2011, Nàìjíríà ṣe ìlànà tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́. Láti oṣù kìn-ín-ní 2025 ni Àdéhùn Basel sì ti fi dandan lé e pé orílẹ̀-èdè tí a ó kó pàǹtí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí ẹrù náà tó gbéra, ìbáà ní oró, ìbáà má ní. Ẹni tí yóò bá túmọ̀ irú òfin wọ̀nyí nílò ọ̀rọ̀ méjì tí kò wọnú ara wọn.

Pàǹtí nìkan kò tó. Ohun tí a gbá jọ fún ààtàn ni pàǹtí, kò sì sí ẹni tí ń wá ìṣúra nínú rẹ̀. Àwọn tí ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò mọ èyí, ni wọ́n fi ń pe tiwọn ní kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Àbá wa ni kí ẹ̀rọ àlòkù jẹ́ èyí tí ẹnìkan ti lò tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ̀rọ àlòpatì sì jẹ́ èyí tí a ti lò tí a sì ti pa tì. Àlòpatì sọ òtítọ́ méjèèjì: ẹ̀rọ náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun àdànù.

Ìwọ̀n ẹrù tí ọ̀rọ̀ yìí yóò gbé kò kéré. Ìròyìn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2024 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ni gbogbo ayé pa tì ní 2022, àti pé ìdá 22.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni àkọsílẹ̀ wà pé a kó jọ tí a sì tún ṣe bí ó ti yẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì pé ọrọ̀ wà nínú ẹ̀rọ àlòpatì, kí ó wo Japan. Láàrin 2017 sí 2019, àwọn ará ìlú náà kó fóònù àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké jọ, wọ́n sì rí nǹkan bí 32 kílógíráàmù wúrà, 3,500 kílógíráàmù fàdákà àti 2,200 kílógíráàmù idẹ nínú wọn. Èyí ni wọ́n fi ṣe nǹkan bí 5,000 àmì-ẹ̀yẹ tí a fún àwọn eléré ìdárayá ní Tokyo ní 2021.

3. Mẹ́tàlì àti Orúkọ Wọn

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti lo irin fún gbogbo ohun tí a lè fi iná àgbẹ̀dẹ ṣe. Èyí kò bá ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà sọ̀rọ̀ mu. Kò sí ẹni tí yóò pe òrùka wúrà ní òrùka irin. Irin jẹ́ ẹ̀yà kan láàrin àwọn ẹ̀yà. Nítorí náà ni a ṣe gba mẹ́tàlì gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbogbòò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àyálò.

Àwọn ẹ̀yà tí a máa ń bá nínú ẹ̀rọ nìyí. Bàbà ni ó pọ̀ jù, inú wáyà ni ó sì wà. Ẹnu àwọn oníṣòwò ni a ti ń gbọ́ kọ́pà. A kò gbọdọ̀ pè é ní idẹ, nítorí àdàlù bàbà àti mẹ́tàlì mìíràn ni idẹ. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Púpọ̀ nínú àwọn orí tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Ilé-Ifẹ̀ dà ní ayé àtijọ́ jẹ́ idẹ, ṣùgbọ́n ìbòjú tí a mọ̀ mọ́ Ọbalùfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì bàbà. Wúrà wà ní ojú ibi tí ègé ẹ̀rọ kan ti ń fi ẹnu ko òmíràn, nítorí kì í dípẹtà. Fàdákà wà lára bọ́tìnnì tí ń tan iná tí ó sì ń pa á. Paládíọ̀mù wà nínú àwọn ègé tíntìntín tí ń fi iná mànàmáná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Nínú òkúta tí a ń wà nílẹ̀, gíráàmù wúrà díẹ̀ ni a sábà máa ń rí nínú tọ́ọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù kan pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà tí ó dára lè ní tó 200 gíráàmù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń wá a kiri lórí ààtàn.

Ó wá ku òjé àti tánganran. Àdàlù àwọn méjèèjì ni àwọn atúnrédíòṣe fi ń lẹ ègé ẹ̀rọ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, àwọn sì ń pè é ní lẹ́ẹ̀dì. Òjé púpọ̀ tún wà nínú dígí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Láti oṣù keje 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti dín lílo òjé nínú ẹ̀rọ tuntun kù gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń dé ọwọ́ àwọn tí ń tú u.

Ó yẹ kí a fiyè sí bí iná ṣe ń mú mẹ́tàlì wọ̀nyí. Wúrà kì í yọ́ àfi bí iná bá gbóná tó ìwọ̀n 1,064 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì. Bàbà ń fẹ́ 1,085. Tánganran ń fẹ́ 232, òjé ń fẹ́ 327, ṣùgbọ́n bí a bá da àwọn méjèèjì pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, 183 péré ti tó. Iná ààrò tí a fi ń dáná ọbẹ̀ lè ṣe èyí. Kò sí ẹni tí ó lè yọ́ wúrà lórí ààrò ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè yọ́ òjé níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá bá àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí sọ̀rọ̀ nípa yíyọ́ nínú ilé, òjé ni a ń sọ. Òun gan-an ni gbólóhùn wa fẹ́ sọ kí ó tó pàdánù àmì rẹ̀.

4. Ọ̀nà Iná

Kí iná tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ní láti tú ẹ̀rọ ká, kí a sì ṣa ohun tí ó jọra sọ́tọ̀. Ìtúká ni a dábàá fún ìpele yìí, nítorí àwa onímọ̀ èdè ti gba ìtúpalẹ̀ fún iṣẹ́ tiwa.

Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, irú èyí tí ó wà ní Hoboken ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, inú iná ìléru ni a ń da pánẹ́ẹ̀lì sí. Bàbà àti òjé yóò yọ́, wọn yóò sì kó wúrà, fàdákà àti paládíọ̀mù mọ́ra. Ohun tí kò wúlò yóò léfòó sókè. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ní orúkọ fún un láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ìdàrọ́. Kò sí ìdí tí a ó fi wá orúkọ mìíràn.

Bàbà tí ó ti kó wúrà mọ́ra yìí ni a ó dà sí pẹlẹbẹ, tí a ó rì í sínú ásíìdì, tí a ó sì jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. Bàbà yóò kúrò lára pẹlẹbẹ kan lọ lẹ̀ mọ́ èkejì. Wúrà kò ní lè bá a lọ; ìsàlẹ̀ ni yóò balẹ̀ sí. Ohun tí ó balẹ̀ yìí kò yàtọ̀ lójú sí ohun tí ó máa ń kù sí ìdí ìkòkò ẹmu tàbí àgbo, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni Yorùbá sì ń pe ìyẹn. A kì í ka gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí nínú ilé, ṣùgbọ́n níbí, inú rẹ̀ ni gbogbo ọrọ̀ wà.

5. Ọ̀nà Omi

Ọ̀nà kejì kò nílò iná ńlá. Ásíìdì ni a fi ń ṣe é. Ásíìdì náítíríìkì lè mú bàbà, fàdákà àti òjé di omi, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè ṣe wúrà ní nǹkan. Bí a bá da ìwọ̀n kan rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwọ̀n mẹ́ta ásíìdì haidirokilóríìkì, wúrà pàápàá yóò tẹrí ba. Àwọn àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fún àdàlù yìí ní orúkọ Látìn tí ó túmọ̀ sí omi ọba, nítorí pé ó lágbára lórí mẹ́tàlì tí í ṣe ọba.

Ìtàn kan wà tí ó fi ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì hàn kedere. Ní 1940, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Copenhagen, àmì-ẹ̀yẹ Nobel tí a fi wúrà ṣe, ti Max von Laue àti ti James Franck, wà ní ìkáwọ́ ilé ìwádìí Niels Bohr. Bí wọ́n bá rí orúkọ àwọn onímọ̀ náà lára wúrà náà, ewu ńlá ni. George de Hevesy kò ri wọ́n mọ́lẹ̀. Ó kó wọn sínú omi ọba títí wọ́n fi pòórá, ó sì gbé ìgò náà sórí pẹpẹ láàrin àwọn ìgò mìíràn. Àwọn ọmọ ogun kò fura. Lẹ́yìn ogun, a dá wúrà náà padà láti inú omi, wọ́n sì tún àmì-ẹ̀yẹ náà ṣe fún àwọn tí ó ni wọ́n.

Iná kò kan wúrà yẹn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa yóò sọ pé ó yọ́. Ìṣòro kejì tí yọ́ ní nìyí: à ń sọ pé òrí yọ́ nínú oòrùn, à ń sọ pé iyọ̀ yọ́ nínú omi. Ojú ọ̀tọ̀ ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń wo méjèèjì. Yòrò wà lẹ́nu wa fún irú iṣẹ́ yìí. A mọ̀ pé àwọn mìíràn ń fi í pe ti iná pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àbá wa ni kí a yà á sọ́tọ̀ fún ohun tí ó wọnú omi tàbí ásíìdì tí a kò rí i mọ́. Nígbà náà, wúrà yọ́ nínú ìléru, ó yòrò nínú ásíìdì.

6. Ewu tí ó wà Níbẹ̀

Òógùn ọwọ́ àwọn ènìyàn ni iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ kí a máa fi ojú ọ̀daràn wò wọ́n. Ṣùgbọ́n òjé kì í mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Eruku rẹ̀ ń bá aṣọ àti ọwọ́ wọlé, àwọn ọmọdé tí ń rá kòrò nílẹ̀ ni ó sì ń bá jà jù, nítorí ọpọlọ wọn ṣì ń dàgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kan tí a mọ̀ pé kò ní ìpalára. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà nínú agbolé wọn, òjé sì wà nínú òkúta náà. Ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òjé gbà wọlé tọ̀ wọ́n wá kò yàtọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Èéfín aláwọ̀ ilẹ̀ pupa tí ń jáde nígbà tí ásíìdì náítíríìkì bá ń jẹ bàbà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí a bá sì dáná sun wáyà kí rọ́bà ara rẹ̀ lè kúrò, èéfín rẹ̀ ń gbé dáyọ́kísìn jáde, oró tí ó máa ń pẹ́ nínú ara ènìyàn àti ẹranko.

7. Àbá Wa

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò yìí. Ohùn àárín ni yọ ní, ohùn òkè ni yọ́ ní. Bí wọ́n bá gba arọ́pò-orúkọ, a ó rí yọ ọ́ àti yọ́ ọ. Lójú ìwé tí kò ní àmì, yo o ni méjèèjì. Bí a bá sọ wọ́n di orúkọ, yíyọ àti yíyọ́ yóò tún di ọ̀kan. Gírámà kò lè gbà wá níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀ ni méjèèjì, mẹ́tàlì kan náà ni wọ́n sì ń gbà ní àbọ̀. Ohun tí ó kù ni kí a fi ìlò ọ̀rọ̀ mìíràn tì wọ́n lẹ́yìn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí:

(i) Ìyọjáde: mímú mẹ́tàlì kúrò lára ẹ̀rọ. A ó máa sọ pé a yọ wúrà jáde. Láìsí àmì, iyojade kò lè jẹ́ ohun mìíràn.

(ii) Ìfináyọ́: sísọ mẹ́tàlì di omi nípa iná. A ó máa sọ pé a fi iná yọ́ òjé.

(iii) Ìyòrò: wíwọ̀ tí mẹ́tàlì wọnú ásíìdì tí a kò sì rí i mọ́.

(iv) Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀: ohun líle tí ó balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi.

(v) Ìdàrọ́: ohun tí ó léfòó lórí mẹ́tàlì tí ó ti yọ́. Nínú ìwé ìkìlọ̀, kí a kọ ọ́ ní ìdàrọ́ ìléru, kí òǹkàwé má baà kà á sí ìdárò.

(vi) Mẹ́tàlì òjé: orúkọ tí ó yẹ kí òjé máa jẹ́ nínú ìkìlọ̀. Láìsí àmì, oje lè jẹ́ omi ara igi, ó sì lè jẹ́ àwọn ọlọ́jẹ̀ eégún pàápàá.

(vii) Ásíìdì ọba: a kò gbà pé kí a pe àdàlù yìí ní omi ọba nílẹ̀ wa, bí ó tilẹ̀ dùn ún gbọ́. Ìgò tí a bá kọ omi sí lára, ẹnìkan yóò mu ún lọ́jọ́ kan. Bí àmì bá sì sọnù, omi odò Ọbà ni ẹlòmíràn yóò kà.

(viii) Dáná sun: ó yẹ jù sun lásán lọ, nítorí sun, sún àti sùn kò yàtọ̀ nínú ìwé aláìlámì.

8. Ìgúnlẹ̀

Láti 1970 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìṣirò, ìbéèrè tí a sábà máa ń bi ọ̀rọ̀-ìperí ni pé: ṣé ó péye, ṣé ó kúrú, ṣé ó bá ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mu? A kò kọ ìbéèrè wọ̀nyí. A kàn fẹ́ kí a fi ọ̀kan kún wọn: bí àmì bá já, ṣé ẹni tí ó wà nínú ewu yóò ṣì gbọ́ ohun tí a sọ?

A tún ìwé pélébé náà ṣe. Gbólóhùn tí ó wà níbẹ̀ báyìí ni: Ẹ má ṣe fi iná yọ́ mẹ́tàlì òjé nínú ilé tí ọmọdé wà. A kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, a sì gbé e fún ọ̀dọ́ tí ó dá ti àkọ́kọ́ padà fún wa. Ó kà á, ó wo ààrò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní: ‘Ọ̀gá, èyí kàn wá o.’ Lẹ́yìn náà ni a tó fi àmì sí i.